Bí Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Obìnrin Ṣe Fìdí Múlẹ̀ ní Nàìjíríà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Òwe yìí bá ìtàn àwọn obìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà mu. Ní ọjọ́ 16, oṣù Kejì, ọdún 1991, ní ìlú Kaduna, tí ó tó nǹkan bí 80 kìlómítà sí Zaria, ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin orílẹ̀-èdè yìí ti gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn àkọ́kọ́ pẹ̀lú orílẹ̀-èdè mìíràn. Ghana ni wọ́n kò lójú. Góólù 5 sí 1 ni wọ́n sì fi borí. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé àjọ tó ń bójú tó bọ́ọ̀lù ló pilẹ̀ eré náà fún àwọn obìnrin. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àjọ náà ló kọ́kọ́ lé wọn kúrò lórí pápá. Àwọn ẹgbẹ́ tí àwọn aládàáni fi owó ara wọn dá sílẹ̀ ló mú wọn padà.

Kì í ṣe Nàìjíríà ni irú ìfòfindè bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, tí àwọn ọkùnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lójú ogun, àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Dick, Kerr ní ìlú Preston dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní ọdún 1917. Owó tí wọ́n ń pa ni wọ́n fi ń ran àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì ọdún 1920, nǹkan bí 53,000 ènìyàn ló wá wò wọ́n ní pápá Goodison Park ní Liverpool. Kàkà kí inú àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ náà dùn, ṣe ni ó pàṣẹ ní oṣù Kejìlá ọdún 1921 pé kí ẹgbẹ́ kankan tó wà lábẹ́ òun má ṣe yá obìnrin ní pápá mọ́, nítorí pé eré náà kò yẹ wọ́n. Ó di ọdún 1971 kí òfin yìí tó kásẹ̀ nílẹ̀.

Nàìjíríà wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ibi tí ọ̀gá sì fi ẹsẹ̀ sí ni ọmọ-ọ̀dọ̀ ń tọ̀. Àwọn obìnrin ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún ìgbádùn, ṣùgbọ́n ní ọdún 1950, àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà fòfin de eré wọn. Irú òfin bẹ́ẹ̀ kì í pa eré. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń gba pápá, rẹfirí àti àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é. Eré tí kò ní àkọsílẹ̀ dà bí ẹni tí kò ní orúkọ.

Ní ọdún 1978 ni ojú ọ̀run bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Christopher Akintunde Abisuga dá ẹgbẹ́ Sugar Babes sílẹ̀. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, àwọn tó ni ẹgbẹ́ sì para pọ̀ láti máa ṣètò ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ láàárín ara wọn. Nígbà tí ó di ọdún 1990, wọ́n gbá ìdíje àpapọ̀ orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ fún obìnrin. Ọmọba Bola Jegede, tó ni ẹgbẹ́ Jegede Babes, wà lára àwọn tó fi owó àti agbára tì í lẹ́yìn.

Ọdún kan péré lẹ́yìn èyí ni ti Kaduna ṣẹlẹ̀. Nàìjíríà borí Cameroon ní ìpele tó kẹ́yìn, wọ́n sì lọ sí Ife Àgbáyé àkọ́kọ́ fún obìnrin ní Ṣáínà ní oṣù Kọkànlá ọdún 1991. Jo Bonfrere, ọmọ orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Jámánì, Ítálì àti Taiwan ló nà wọ́n, wọn kò sì rí góólù kankan jẹ. Síbẹ̀, ní ọdún 1999, wọ́n dé ìpele ẹlẹ́ni mẹ́jọ, góólù 4 sí 3 ni Brazil sì fi já wọn.

Owó ni ìṣòro tó ń bá àwọn ẹgbẹ́ náà fínra. Àpò ẹnì kan ni bàtà, oúnjẹ àti owó ọkọ̀ ti ń jáde. Bí ó bá rẹ onítọ̀hún, ẹgbẹ́ a tú ká. Bẹ́ẹ̀ ni Sugar Babes, Jegede Babes àti Ufuoma Babes ti Warri ṣe di ohun ìtàn. Lẹ́yìn wọn ni ìjọba ìpínlẹ̀ gba iṣẹ́ náà: Rivers Angels, Bayelsa Queens, Delta Queens, Edo Queens, àti Sunshine Queens ti Àkúrẹ́. Síbẹ̀ ọwọ́ aládàáni kò kúrò ńbẹ̀. Ẹgbẹ́ FC Robo ní Èkó ni Asisat Oshoala ti bẹ̀rẹ̀, kí ó tó lọ sí Rivers Angels àti sí òkè òkun, níbi tó ti gba ife àwọn aṣíwájú ilẹ̀ Yúróòpù pẹ̀lú Barcelona ní ọdún 2021. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ni Rasheedat Ajibade ti jáde, ẹni tó jẹ́ balógun Nàìjíríà ní Rabat ní oṣù Keje ọdún 2025, nígbà tí Morocco fi góólù 2 sí òdo ṣíwájú, tí Nàìjíríà sì borí pẹ̀lú 3 sí 2.

Gbogbo ayé ló rí ife ti Rabat. Ta ló rántí àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù lórí ilẹ̀ gbígbẹ láìsí owó oṣù? Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni baba ìtàn. Àwọn ọmọge tó gbá bọ́ọ̀lù ní ọdún 1978 ti di ìyá àgbà, àrọ́bá sì ń bá ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ sí ọ̀run. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá iṣẹ́ ìwádìí kò ní láti wò jìnnà: kí ó mú pẹ́ẹ̀nì, kí ó lọ bi wọ́n léèrè ní èdè tí wọ́n gbọ́. Olùkọ́ tó bá sì ń pín bọ́ọ̀lù ní ilé-ìwé, kí ó rántí ọdún 1950, kí ó má ṣe fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún òfin náà kọ.