Káàdì Gold ọkọ̀ bàálù: ṣé ó tó ohun tí èèyàn ń lé kiri?

Ní ASPAMDA àti BBA nínú Trade Fair, ẹ máa rí oníṣòwò tó ń lọ Guangzhou tàbí Dubai lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún. Ní Festac, ẹ máa rí ìyá àgbà tó ń lọ wo ọmọ-ọmọ ní London. Gbogbo wọn ló mọ ìlà kékeré kan ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed, tí èèyàn mẹ́ta péré dúró sí nígbà tí ìlà tiwọn ti gùn dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn ra tíkẹ́ẹ̀tì olówó ńlá. Àwọn yòókù ní káàdì.

American Airlines ló sọ ètò yìí di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ní 1981: bí ẹ bá ṣe ń fò sí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa kọ máìlì sí orúkọ yín. Ohun méjì ló wà nínú rẹ̀, àwọn èèyàn sì máa ń pọ̀ wọ́n mọ́ra. Máìlì dà bí owó inú kóló, ẹ lè fi gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ iwájú. Ipò yàtọ̀. Silver, Gold, Platinum, ìyẹn kò ṣe é ná, ọdún kan ni wọ́n sì sábà máa ń fún yín kí wọ́n tó tún un wò. Bí ẹ kò bá fò tó, ẹ padà sórí ìlà gígùn.

Ká má parọ́, fún àwọn oníṣòwò wa, ẹrù ni gbogbo ọ̀rọ̀. Lounge dára o, pàápàá fún ẹni tó ti tètè kúrò ní Mile 2 láàárọ̀ nítorí kò mọ ohun tí ọ̀nà Oṣòdì máa fi ojú òun rí, tó wá débẹ̀ ní wákàtí márùn-ún ṣáájú àkókò. Ṣùgbọ́n báàgì ló ń pawó. Ẹni tó bá ní Gold nínú ẹgbẹ́ Star Alliance lẹ́tọ̀ọ́ sí báàgì kan sí i níbi tí wọ́n ti ń ka báàgì, tàbí kílò 20 sí i níbi tí wọ́n ti ń wọn kílò. Ethiopian, Turkish, EgyptAir, Lufthansa àti United, tí gbogbo wọn ń balẹ̀ sí Èkó, wà nínú ẹgbẹ́ náà. Gold tí ẹ gbà lọ́dọ̀ ọ̀kan ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn yòókù. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ń gbà lórí báàgì àlékún kan lójú ọ̀nà yín, ẹ wá fi iye ìgbà tí ẹ ń lọ lọ́dún ṣe ìlọ́po rẹ̀. Iye tí Gold tó lọ́wọ́ yín nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Báwo lèèyàn ṣe ń débẹ̀? Láti Èkó sí Guangzhou gba Addis Ababa, àlọ àtàbọ̀ lé ní máìlì 14,000. Lójú, ó dà bíi pé kò ní pẹ́ tó. Ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì tí owó rẹ̀ kéré jù kì í sábà mú gbogbo máìlì tí ẹ fò wá, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ wa ń rà. Emirates, tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan, ń béèrè máìlì ipò 25,000 fún Silver, 50,000 fún Gold, 150,000 fún Platinum.

Ti British Airways ló yẹ kó la èèyàn lójú jù. Tẹ́lẹ̀, póìǹtì 1,500 ni Gold wọn. Àlọ àtàbọ̀ Èkó sí London ní Business ń fúnni ní 280, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ti tó. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 2025, ó di 20,000: póìǹtì kan fún pọ́n-ùn kan tí ẹ bá ná, wọn kì í sì í ka owó orí mọ́ ọn. Ẹni tó ti ń ṣírò tirẹ̀ bọ̀ látẹ̀yìn wá bá a pé wọ́n ti gbé àmì ibi tí eré parí sí lọ síwájú.

Nígbà mìíràn, ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló máa ń lọ. Emirates dá ìrìnnà dúró sí Nàìjíríà ní oṣù kẹwàá 2022 nítorí owó tíkẹ́ẹ̀tì tó há síbí, tí wọn kò rí dọ́là fi kó jáde. Ó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2024 kí wọ́n tó padà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì, kí ni ẹni tó ní Gold ní Alakija fẹ́ fi ṣe? Virgin Nigeria, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fò ní 2005, náà ní ètò tirẹ̀, Eagleflier. Wọ́n yí orúkọ padà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì kógbá sílé ní 2012. Ìdí kejì nìyí tí kò fi yẹ kéèyàn so ara rẹ̀ mọ́ ilé iṣẹ́ kan: nígbà tí Air Peace bẹ̀rẹ̀ sí í lọ London ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta 2024, tí àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè sì dín owó tíkẹ́ẹ̀tì wọn kù, ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ló jèrè jù.

Lójú tèmi, ẹni tí ibi iṣẹ́ ń ra tíkẹ́ẹ̀tì fún kó gba Gold, kò ná an ní nǹkan kan. Oníṣòwò tó ń fò lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú ọ̀nà kan náà, kó kó máìlì rẹ̀ jọ síbì kan, ṣùgbọ́n kó má fi kọ́bọ̀ kún owó tíkẹ́ẹ̀tì torí ẹ̀. Èyí táwọn kan ń ṣe, pé kí wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì kan sí i ní oṣù Disẹ́ńbà nítorí pé máìlì kù díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi owó yẹn ra ọjà. Màmá tó ń lọ London lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kó gbàgbé ipò, kó máa kó máìlì.

Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀. Bí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ ejẹ́ńtì, ẹ fún un ní nọ́ńbà yín kó fi sí i, torí ọ̀pọ̀ wọn kì í béèrè. Orúkọ inú ètò náà gbọ́dọ̀ bá ti páásípọ́ọ̀tù mu. Bí máìlì ìrìn àjò kan kò bá wọlé, ẹ ṣì lè béèrè fún un lẹ́yìn tí ẹ bá ti dé, wọ́n á ní kí ẹ mú boarding pass wá. Ẹ yà á sórí fóònù yín lọ́jọ́ náà gan-an, torí ìwé yẹn kì í pẹ́ ṣá.