Ìtàn Lọ́yà Nínú Ẹjọ́ Ilẹ̀, Ilé àti Òwò: Láti Èkó dé Ìgànná

Ìtàn bí lọ́yà ṣe wọ ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ilẹ̀, ilé àti òwò nílẹ̀ Yorùbá fọ́nká púpọ̀. Apá kan wà nínú ìwé ìdájọ́, apá kan wà lẹ́nu àwọn baálé nìkan, èyí tí wọ́n sì kọ sílẹ̀ pàápàá kì í bára mu nígbà mìíràn. Nítorí ọmọ Ìgànná, ní Òkè-Ògùn, tó bá fẹ́ mọ ọ̀nà tí ẹjọ́ ilẹ̀ bàbá rẹ̀ gbà dé ibi tó dé ni mo ṣe ṣà á jọ.

Ta ni lọ́yà àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ wa? Christopher Sapara Williams ni, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí sí Sàró. Ìwé kan á ní 1879 ló di lọ́yà, òmíràn á ní 1888. Méjèèjì tọ̀nà: 1879 ni wọ́n gbà á sí iṣẹ́ náà ní Lọ́ńdọ̀nù, 1888 ni orúkọ rẹ̀ wọ ìwé ilé ẹjọ́ l'Ékòó.

Ẹjọ́ tó gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Yorùbá dé Ìlú Ọba ni ti Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó. Ìjọba gba ilẹ̀ ẹbí rẹ̀ ní Àpápá, wọ́n sì fẹ́ sanwó fún un bí ẹni tó kàn ní àṣẹ àti ìṣákọ́lẹ̀ lórí rẹ̀. Ó gbé ẹjọ́ dé Privy Council, ilé ẹjọ́ àgbà ní Ìlú Ọba, Herbert Macaulay sì bá a lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920. Ní 1921, wọ́n dá a láre: àwùjọ àti ẹbí ló ni ilẹ̀, olórí ń bójú tó o fún wọn ni, owó ilẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ pé. £22,500 ni ìjọba san.

Òkè-Ògùn kò tètè jẹ nínú oore yẹn. Ẹni tó bá ní àwọn èèyàn wa ni kò fẹ́ràn lọ́yà kò mọ̀tàn. Láti 1914 ni òfin Lugard ti lé lọ́yà kúrò ní ilé ẹjọ́ pùrófíǹsì, ibẹ̀ sì ni ẹjọ́ ilẹ̀ ń lọ. Ó di 1933 kí wọ́n tó mú òfin náà kúrò. Kó tó dìgbà náà, ìbínú sí ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ wà lára ohun tó fa ọ̀tẹ̀ Ìṣẹ́yìn àti Òkèihò ní 1916.

Ní 1948, Bọ̀dé Thomas, Rótìmí Williams àti Rẹ̀mí Fani-Káyọ̀dé para pọ̀ dá ilé iṣẹ́ lọ́yà sílẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ wá gbilẹ̀.

Ìdájọ́ tó wúlò jù fún wa ni ti Idundun àti Okumagba, 1976. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ka ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn lè fi jẹ́rìí pé òun ló nilẹ̀: ìtàn ìran, ìwé, lílo ilẹ̀ bí onílẹ̀, pípẹ́ lórí rẹ̀, àti níní ilẹ̀ tó bá a pààlà. Bí ẹbí kan ní Ìgànná bá gbára lé ìtàn, lọ́yà á bi wọ́n pé: ta ló kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ náà dó? Báwo ló ṣe tẹ̀ ẹ́ dó? Ta ló jogún rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, títí dé orí ẹ̀yin? Bí orúkọ kan bá fò láàárín, ẹjọ́ lè fọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wọ oko lọ wo pèrègún ààlà.

Òfin Ilẹ̀ ti March 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà. Ọ̀pọ̀ rò pé ó pa ilẹ̀ ẹbí rẹ́. Ìdájọ́ Ogunola àti Eiyekole ní 1990 fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ òwò ló le sí i: nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, 1989, ilé tí wọ́n fi dúró fún owó bánkì láìgba àṣẹ gómìnà bọ́ mọ́ bánkì lọ́wọ́.

Ní ti ẹjọ́ ilé kíkọ́ àti òwò lóde òní, òfin ìlàjà tuntun jáde ní 2023, ọ̀pọ̀ àdéhùn sì ti ń sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ lọ síwájú onílàjà.

Ìmọ̀ràn mi fún gbogbo baálé ni pé kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó jogún ilẹ̀ tẹ̀ léra wọn, pẹ̀lú àwọn tó bá wọn pààlà, nígbà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láyé.