Ipò Onígbọ̀wọ́ nínú Iṣẹ́ Ọnà, Òwò àti Òṣèlú Yorùbá

Ìfáàrà

Nínú Bíbélì èdè Yorùbá, onígbọ̀wọ́ ni ẹni tí ó dúró fún onígbèsè níwájú olówó. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí ti gbòòrò lónìí: ẹni tí ó náwó sí eré, tí ó ti olóṣèlú lẹ́yìn tàbí tí ó gbé oníṣòwò dìde, onígbọ̀wọ́ ni. Ní Ìbàdàn ayé ogun, babaogun ni wọ́n ń pè é. Nínú òṣèlú òde òní, bàbá ìsàlẹ̀ ni. Àjọṣe kan náà ni gbogbo orúkọ wọ̀nyí ń tọ́ka sí: ẹni tí ó ní fún ẹni tí kò ní, ẹni tí ó gbà sì fi iyì, agbára tàbí iṣẹ́ ọwọ́ san án padà. Ìtàn fi hàn pé kì í ṣe bí ẹ̀bùn ti pọ̀ tó ni ó ń mú kí àjọṣe yìí dára, bí kò ṣe bóyá ẹni kọ̀ọ̀kan lè yọwọ́ nínú rẹ̀ láìsí ewu.

Iṣẹ́ ọnà

Ìtàn Ọ̀yọ́ so ìbẹ̀rẹ̀ eré alárìnjó mọ́ ààfin Aláàfin. Ní oṣù Kejì ọdún 1826, Aláàfin Májòtú fi irú eré bẹ́ẹ̀ ṣe àlejò Hugh Clapperton ní Ọ̀yọ́-Ilé. Àwọn eléré ṣe bí erè, wọ́n sì sín òyìnbó fúnra rẹ̀ jẹ. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú, eré náà kò bá ààfin rẹ̀ kú. Àwọn eléré ń rìn láti ìlú dé ìlú, ará ọjà sì di onígbọ̀wọ́ wọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ Ọlọ́wẹ̀ agbẹ́gilére, tí a bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní nǹkan bí ọdún 1875. Ààfin Arinjalẹ̀ ní Ìsẹ̀-Èkìtì ni ó ti kọ́kọ́ ṣe ìránṣẹ́ kí ó tó di agbẹ́gilére ọba. Síbẹ̀, kì í ṣe ọba kan ṣoṣo ni ó ṣiṣẹ́ fún. Láti nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914, ó wà lọ́dọ̀ Ògògà Ìkẹ́rẹ́, ó ń gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn. Lára ilẹ̀kùn kan ni a ti rí Ògògà tí ó gúnwà, tí àwọn arẹrù sì gbé aṣojú ìjọba òyìnbó wá bá a. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí àfihàn ńlá tí ó wáyé ní Wembley ní 1924. British Museum fẹ́ rà á, Ògògà kò tà. Àga ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà dípò rẹ̀. Ẹni tí ọba bọ́ ni ó wá gbé orúkọ ọba dé òkè òkun.

Òwò àti òṣèlú

Ní Ìbàdàn, agboolé kọ̀ọ̀kan ní babaogun láàrin àwọn ìjòyè. Ìlú tí ó wà lábẹ́ Ìbàdàn náà ní tirẹ̀. Wọ́n ń mú ẹ̀bùn wá, wọ́n sì ń rí ààbò gbà. Ṣùgbọ́n babaogun fúnra rẹ̀ nílò onígbọ̀wọ́, nítorí owó ni a fi ń ra ìbọn àti ẹ̀tù. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, oníṣòwò tí ó ní oko àti ẹrú púpọ̀, a máa kó ohun ìjà fún àwọn ológun ní àwìn. Wọ́n ń lọ sógun, wọ́n ń bọ̀, gbèsè ń ga sí i. Nígbà tí ó yá, ó yọwọ́.

Samuel Johnson kọ ọ́ pé ẹ̀sùn mẹ́ta ni Ààrẹ Látóòsà kà sí i lọ́rùn ní 1874: kò bá Ààrẹ lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí i lójú ogun, kò sì jáde lọ pàdé rẹ̀ nígbà tí ó dé. Wọ́n gba oyè rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún, wọ́n sì pa á ní oṣù Kẹfà. Ìwà ìkà sí ẹrú ni eré-onítàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá fi ṣe ìdí ìṣubú rẹ̀. Ẹ̀sùn mẹ́ta tí Johnson kọ kò mẹ́nu ba ẹrú rárá. Ọ̀rọ̀ onígbọ̀wọ́ tí ó kọ̀ láti gbọ̀wọ́ mọ́ ni.

Ní ìlú kan náà, Rashidi Ládọjà di gómìnà ní 2003 pẹ̀lú àtìlẹ́yìn bàbá ìsàlẹ̀ kan, Lamidi Adédibú. Àárín wọn dàrú. Àwọn aṣòfin yọ gómìnà nípò ní oṣù Kìíní ọdún 2006. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a padà ní oṣù Kejìlá. Ẹfúnṣetán kò rí irú ilé-ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sá lọ.

Ìgúnlẹ̀

Àwọn onígbọ̀wọ́ a máa pa á lówe pé ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kí ó bá onílé mu, kí ó wá yẹrí lọ́jọ́ ìṣòro. Òótọ́ ni òwe náà, ṣùgbọ́n ẹyẹlé tí ó ní ìyẹ́ ni a lè yìn pé ó dúró. Alárìnjó rí ọjà, Ọlọ́wẹ̀ rí ààfin mìíràn, gómìnà rí òfin. Ìyálóde kò rí ọ̀nà kankan, ẹ̀mí rẹ̀ ni ó sì fi san án.