Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ Nínú Igbó

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Ibi ìbáwí la ti sábà ń gbọ́ òwe yìí. Àgbà fẹ́ bá ènìyàn wí, kò fẹ́ dójú tì í láwùjọ, ló bá sọ ìdajì, ó fi ìyókù sílẹ̀ fún onítọ̀hún. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ṣe kà á sí òwe ìwà nìkan. Èrò tèmi ni pé òwe ẹ̀kọ́ ni pẹ̀lú, nítorí ó sọ ibi tí odindi ti ń wá: inú ẹni tó gbọ́ ni, kì í ṣe ẹnu ẹni tó sọ. Òwe náà ni mo fẹ́ fi wo eré kan tí àwọn elédè Faransé ń pè ní jeu de piste. A kó ọmọ lọ sínú igbó, a fún wọn ní ìwé pélébé kan tí àlọ́ wà nínú rẹ̀. Àlọ́ náà tọ́ka sí igi kan. Ìdí igi náà ni àlọ́ kejì wà. Bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa tẹ̀ lé e títí wọn yóò fi kan ìṣúra tí a fi pamọ́. Mo ní eré yìí ló yẹ kó jẹ́ ọ̀nà àkọ́kọ́ tí ọmọ Kútọnu, tó ń dàgbà láàárín sìmẹ́ńtì àti èéfín ọ̀kadà akérò tí wọ́n ń pè ní zémidjan, yóò fi mọ igbó.

Ẹ wo bí àwọn baba wa ṣe ń fi ààbọ̀ ṣiṣẹ́. Ẹni tó lọ dáfá kì í sábà sọ ohun tó gbé e wá. Á mú owó, á sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí i kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, á gbé e sílẹ̀. Babaláwo á dá odù, á máa ki ẹsẹ kan tẹ̀ lé òmíràn, oníbèèrè á sì fetí sílẹ̀ títí yóò fi gbọ́ èyí tó kan ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Òun ló máa sọ pé ibẹ̀ gan-an ni. Àrokò náà bẹ́ẹ̀: owó ẹyọ mẹ́fà tí a sín pọ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ kò ní lẹ́tà kankan lára, ẹni tó gbà á ni yóò ka iye rẹ̀, tí yóò sì mọ̀ pé ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ ń fà sí òun. Àlọ́ àpamọ̀ la sì fi ń jí ọpọlọ ọmọ kí àlọ́ onítàn tó bẹ̀rẹ̀. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹni tó gbọ́ ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ náà, ohun tí ènìyàn sì ní ìpín nínú rẹ̀ kì í tètè fò ó lórí.

Ẹ jẹ́ ká wo bí eré náà yóò ṣe rí. Ọgbà ewéko kan wà ní Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Igbó ọba ni tẹ́lẹ̀, kí ìjọba amúnisìn tó sọ ọ́ di ọgbà ìdánwò irúgbìn ní 1895. Ká ní a mú ọmọ dé irú ibẹ̀, tí a sì kọ ọ́ síwèé pé: "Wá ẹni tó ń gun orí ọba, tí ọba kì í bínú." Ọ̀kan á ní adé ni. Òmíràn á ní abẹ onígbàjámọ̀ ni. Wọn yóò jiyàn títí ẹnìkan yóò fi rántí ewé tí wọ́n máa ń fi sí orí ẹni tó bá joyè, akòko. Iṣẹ́ kò tíì parí, àbí ta ló mọ bí igi akòko ṣe rí? Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ewé: èyí tó jókòó ní méjì-méjì lórí ọ̀pá kan, tí etí rẹ̀ ní eyín wẹ́wẹ́, tí òdòdó rẹ̀ pupa ràkọ̀ràkọ̀ bí fèrè kékeré. Nígbà tí wọ́n bá débẹ̀, wọ́n ti wo igi mẹ́wàá tí kì í ṣe akòko, wọ́n sì ti mọ ìdí tí kì í fi í ṣe òun. Pátákó tí a kàn mọ́ igi, tó sọ orúkọ rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan náà, kò lè ṣe èyí.

Àwọn kan á ní eré òyìnbó ni. Òótọ́ ni pé Baden-Powell, tó dá ẹgbẹ́ síkáòtù sílẹ̀, kó àwọn ọmọkùnrin lọ sí erékùṣù Brownsea ní 1907, àti pé kíka ipasẹ̀ wà lára ohun tó fi kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ní 1895 sí 1896, ọkùnrin yìí kan náà wà nínú igbó Aṣáńtì, ó ń darí àwọn ọmọ ilẹ̀ adúláwọ̀ tó ń lànà, tó sì ń ṣe amí níwájú ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń lọ sí Kùmásì. Ọdẹ ilẹ̀ wa ti ń ka koríko tó tẹ̀ àti ẹ̀ka tó ṣẹ́ kí síkáòtù tó dé. Ẹ̀dà tuntun eré yìí ló ń kọ mí lóminú. Ní May 2000, nígbà tí Amẹ́ríkà dẹ́kun dída àmì GPS rú fún ará ìlú, kíá ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dave Ulmer gbé korobá kan pamọ́ sínú igbó ní Oregon, ó sì fi nọ́ńbà ibi tó wà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí wíwá ìṣúra pẹ̀lú GPS ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, tó sì ti dé orí fóònù lónìí. Odindi ni fóònù ń sọ fún ọmọ. Ó lè kọjá lábẹ́ ìrókò mẹ́wàá láìgbé ojú sókè.

Àtakò tó wúwo jù ni ti àwọn tó ní igbó kì í ṣe ibi eré. Mo bọ̀wọ̀ fún un, nítorí òrìṣà ló dá púpọ̀ sí nínú igbó tó ṣẹ́kù ní gúúsù Benin, ìjọba pàápàá sì gbé òfin jáde ní 2012 lórí ìtọ́jú wọn. Síbẹ̀, ẹ wo igbó Kpassè ní Ouidah, tí ìtàn ní ọba Kpassè ti di ìrókò. Láti ìgbà àjọ̀dún vodun tí wọ́n pè ní Ouidah 92, tó wáyé ní February 1993, ni ère Lẹ́gbà àti àwọn vodun mìíràn ti wà níbẹ̀, tí àlejò ń wọlé, tí amọ̀nà sì ń tọ́ wọn dé ibi tó tọ́. A lè tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tó ni igbó. Níbi tí màrìwò bá ti so kọ́, kí ìwé àlọ́ kankan má kọjá ibẹ̀. Màrìwò fúnra rẹ̀ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni, ọmọ tó bá rí i tó sì padà ti yanjú àlọ́ tó le jù lọ́jọ́ náà.

Mo gbà, kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ló ní ààbọ̀. Ejò, wèrèpè, kànga àtijọ́ tí koríko bò: odindi ni ká sọ ìwọ̀nyí kí ọmọ tó gbéra, ká sì tún un sọ. Bí olùkọ́ bá ní eré yìí ń gba àkókò, òótọ́ ló sọ. Àárọ̀ kan lè lọ lórí igi márùn-ún péré. Igi márùn-ún tí ọmọ mọ̀ sàn fún un ju àádọ́ta tó dà kọ tán tó sì gbàgbé.

Ó ku ọ̀rọ̀ èdè. Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ nílé ẹ̀kọ́ ní Kútọnu, ṣùgbọ́n orúkọ igi wà nínú èdè ilé. Akòko yìí, kpatin ni ọmọ Fọ̀n mọ̀ ọ́n sí. Ó lè ti máa rí i lára ọgbà ilé ìyá rẹ̀ àgbà láìmọ̀ pé ó ń dé orí ọba nílẹ̀ Yorùbá. Ọmọ Yorùbá lè mọ lílò rẹ̀ láìmọ ìrísí rẹ̀. Nítorí náà, kí á pín wọn ní mẹ́rin-mẹ́rin, kí èdè ilé wọn yàtọ̀ síra, kí àgbàlagbà kan sì wà pẹ̀lú wọn tí kò ní dáhùn ìbéèrè kankan. Kí á kọ àlọ́ kan ní Yorùbá, òmíràn ní Fọ̀n, òmíràn ní Gùn, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má lè dá nìkan dé ìdí ìṣúra.