Òpómúléró: Láti Òpó Igi Òsì dé Òpó Kọnkéré

Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ òpó ṣeré. Ìran kan tilẹ̀ wà láàrin wa tó ń jẹ́ Òpómúléró, ìyẹn òpó tó mú ilé ró. Ìtàn òpó yẹn la fẹ́ sọ lónìí: bó ṣe kúrò ní igi tó di kọnkéré, àti ohun tí ìyípadà náà ń béèrè lọ́wọ́ wa.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ní Òsì, ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ibẹ̀ ni Aréògún, gbajúgbajà gbẹ́nàgbẹ́nà tí wọ́n bí ní nǹkan bí ọdún 1880, ti ṣiṣẹ́ títí tó fi kú ní 1954. Ó gbẹ́ ìlẹ̀kùn, ó gbẹ́ ère Ẹpa, ó sì gbẹ́ òpó ilé. Nígbà náà, òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ààfin máa ń yọ síta yí àgbàlá ká, òpó ló sì ń gbé e. Òpó ọlọ́nà kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Lára igi kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń gbẹ́ jagunjagun orí ẹṣin tàbí ìyá tó pọn ọmọ. Bó ti wù kí ọnà náà pọ̀ tó, ẹrù òrùlé gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà gbà sọ̀ kalẹ̀ láti orí òpó dé ìdí rẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá jẹ ọrùn ère jù, ibẹ̀ ni òpó yóò ti ṣẹ́.

Àpẹẹrẹ tó dára jù ni òpó tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ sí ààfin Ìkéré-Èkìtì láàrin 1910 sí 1914, tó wà ní Art Institute of Chicago báyìí. Ọba jókòó níwájú, olorì àgbà dúró gbọingbọin lẹ́yìn rẹ̀. Ọba ló ń gba ojú ẹni, ṣùgbọ́n olorì tó ga yẹn ló ru ẹrù.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ni pé gbogbo agbára òpó igi wà lójú. Ẹni tó bá wò ó á rí bó ṣe nípọn tó. Bí ikán bá ti jẹ inú rẹ̀, ẹni tó bá fi ọwọ́ kàn án á gbọ́ ìró rẹ̀.

Kọnkéré kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Faransé, ológbà kan tó ń jẹ́ Joseph Monier fi irin sínú sìmẹ́ńtì láti ṣe ìkòkò òdòdó, ó sì gba ìwé àṣẹ lé e lórí ní 1867. Ní 1892, François Hennebique gba tirẹ̀ lórí ọ̀nà tí òpó, bíìmù àti dẹ́kìn fi lè di ara kan náà. Ìdí tí irin fi wọ ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro. Kọnkéré lè gba ohun tó bá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ń fà á, kíá ló máa ń sán. Irin ló ń gba fífà yẹn.

Nítorí náà, ibi tí rọ́ọ̀dù wà ṣe pàtàkì bí iye rẹ̀. Nínú bíìmù tó dùbúlẹ̀ sórí òpó méjì, ìsàlẹ̀ àárín ni fífà wà, ibẹ̀ ni rọ́ọ̀dù ń lọ. Bí dẹ́kìn bá yọ síta láìsí òpó lábẹ́ rẹ̀, bíi ti báíkónì, òkè ni fífà wà. Bíríkìlà tó bá to rọ́ọ̀dù báíkónì sí ìsàlẹ̀ nìkan ti dẹ pàkúté sílẹ̀. Nínú òpó, rọ́ọ̀dù gígùn ń dúró, rọ́ọ̀dù tẹ́ẹ́rẹ́ sì ń yí wọn ká bí ọ̀já, kí wọ́n má baà tẹ̀ bẹ̀m̀bẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Lọ́dọ̀ wa, ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960. Nígbà tó di 1965, Cocoa House alájà 26 ti dúró n'Ìbàdàn. Ní Ifẹ̀, Arieh Sharon ará Ísírẹ́lì ya àwòrán ọgbà Yunifásítì, níbi tí ilé Humanities ti ń fẹ̀ sí i bó ṣe ń lọ sókè, kí àjà òkè lè ṣíji bo tìsàlẹ̀. Ọnà ni ìyẹn náà, àmọ́ irin tó jẹ́ kó ṣeé ṣe kò hàn sójú.

Inú ọgbà yẹn kan náà ni ọwọ́ Òsì ti bá kọnkéré pàdé. George Bándélé, ọmọ Aréògún, ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì lọ́dọ̀ Fadá Kevin Carroll láti 1947. Ibẹ̀ ni Lamidi Fákẹ́yẹ ti wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Fákẹ́yẹ yìí ló gbẹ́ ère Odùduwà tó wà ní Gbọ̀ngàn Odùduwà ní Ifẹ̀, ní 1987. Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà kò kú, ṣùgbọ́n kò ru òrùlé mọ́. Kọnkéré ló ń rù ú.

Ẹrù náà sì ti já lọ́wọ́ kọnkéré lójú wa. Ní March 13, 2019, ilé tí ilé-ìwé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìtáfájì, l'Ékòó, àwọn ọmọdé sì wà lára àwọn tó kú. Ní November 1, 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́ wó n'Íkòyí, ó pa ju 40 ènìyàn lọ. Rọ́ọ̀dù tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, omi tó pọ̀ jù nínú kọnkéré, àjà tí wọ́n fi kún ilé tí òpó rẹ̀ kò lè gbé e: kò sí èyí tí a lè fi ojú rí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rẹ́ ilé tán. Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ṣùgbọ́n ta ni yóò mọ̀ pé itọ́ ni, bí ọ̀dà bá ti bò ó?

Nítorí náà, a kò sọ pé ká padà sí òpó igi. Ohun tí a ń sọ ni pé gbogbo ìlú ló lè yẹ iṣẹ́ Aréògún wò nígbàkígbà, ṣùgbọ́n òpó òde òní, kí wọ́n tó da kọnkéré sí i nìkan la lè rí inú rẹ̀. Ẹ̀yin tó ń kọ́ iṣẹ́ énjíníà láàrin wa, ẹ má buwọ́ lu dẹ́kìn tí ẹ kò rí rọ́ọ̀dù rẹ̀. Ẹ̀yin tó ń bá òbí kọ́lé, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ da kọnkéré, ẹ tètè dé ibẹ̀, kí ẹ ka rọ́ọ̀dù kí wọ́n tó bò ó.