Egungun Charles Byrne ní Lọ́ńdọ̀nù, 1783 sí 2023

Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ni nípa ẹ̀yà ara ènìyàn pọ̀ sí i ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n òkú tí òfin gbà wọ́n láyè láti là kò tó nǹkan. Òfin ọdún 1752 fi òkú àwọn apànìyàn tí wọ́n bá yẹgi fún lé àwọn oníṣẹ́-abẹ lọ́wọ́, èyí kò sì tó wọn lò. Bí òkú ṣe di ọjà nìyẹn: àwọn kan ń hú u ní ibojì lóru, àwọn olùkọ́ ìṣègùn ń rà á.

Irú ìlú yìí ni Charles Byrne dé ní 1782. Ọmọ ilẹ̀ Írẹ́lándì ni, wọ́n bí i ní 1761. Ó ga tó mítà 2.31, owó tí àwọn èèyàn ń san láti wò ó ló sì fi ń jẹun. Kò fẹ́ kí àwọn oníṣẹ́-abẹ fi ọbẹ kan òun lẹ́yìn ikú, nítorí náà ó ní kí àwọn ọ̀rẹ́ òun gbé òun sínú pósí òjé, kí wọ́n sì sọ ọ́ sínú òkun. Ó kú ní oṣù kẹfà ọdún 1783, ní ẹni ọdún 22.

John Hunter, gbajúgbajà oníṣẹ́-abẹ tó ń kó egungun àti ẹ̀yà ara jọ, fi àbẹ̀tẹ́lẹ̀ gba òkú náà. Pọ́n-ùn 500 ni iye tí wọ́n sábà máa ń dárúkọ. Ó sè é títí ẹran fi bọ́ kúrò lára egungun, ó sì fi í pamọ́ fún bí ọdún mẹ́rin. Ní 1799, lẹ́yìn ikú Hunter, ìjọba ra àkójọ rẹ̀, tí egungun Byrne wà nínú rẹ̀, ní pọ́n-ùn 15,000, ó sì fi í sí ìkáwọ́ ẹgbẹ́ tó di Royal College of Surgeons.

Ìmọ̀ jáde lára egungun yìí. Ní 1909, Harvey Cushing, oníṣẹ́-abẹ ará Amẹ́ríkà, ṣí agbárí rẹ̀, ó sì rí àmì kókó tó wú lábẹ́ ọpọlọ, níbi ẹ̀yà tó ń darí ìdàgbàsókè ara. Ní 2011, àwọn olùwádìí yẹ eyín rẹ̀ wò, wọ́n sì rí àléébù inú àbùdá tó fa kókó náà. Àwọn ìdílé kan ní Àríwá Írẹ́lándì ní irú àléébù yìí títí di òní.

Ní ọdún 2011 yẹn kan náà, Len Doyal, onímọ̀ nípa ìwà tó tọ́ nínú ìṣègùn, àti Thomas Muinzer, onímọ̀ òfin, kọ̀wé pé kí wọ́n sin egungun náà sí òkun bí Byrne ṣe fẹ́, nítorí ohun tí ìwádìí nílò ti wà lọ́wọ́. Òfin ọdún 2004 ti sọ ìyọ̀ǹda di dandan nínú lílo ẹ̀yà ara òkú, ṣùgbọ́n kò de àwọn òkú àtijọ́ bíi ti Byrne. Àwọn alábòójútó àkójọ Hunter ní ìwádìí kò tíì parí. Nígbà tí mùsíọ́ọ̀mù Hunter, níbi tí wọ́n ti ń pàtẹ àkójọ náà, tún ṣí ní 2023, wọn kò pàtẹ egungun náà mọ́. Wọ́n fi í pamọ́ fún ìwádìí. Kò sí lójú àwọn òǹwòran mọ́, kò sì tíì dé òkun.