Ta Ló Kọ́kọ́ Rán Kọ̀ǹpútà Níṣẹ́?

Bí ọmọbìnrin kan l'Ẹ́dẹ bá ní òun fẹ́ lọ kọ́ kọ̀ǹpútà ní Pólì, kì í pẹ́ tí ẹnì kan á fi sọ pé, "Kọ́ọ̀sì ọkùnrin nìyẹn. Ọkùnrin ló dá a sílẹ̀." Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀, ṣùgbọ́n irọ́ ni.

Kí ẹ̀rọ tó dé, èèyàn ni òyìnbó ń pè ní kọ̀ǹpútà: ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa ṣe ìṣirò láti àárọ̀ dalẹ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, obìnrin ló pọ̀ jù nídìí iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n kọ́ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ENIAC ní Yunifásítì Pennsylvania, mẹ́fà nínú wọn ni wọ́n ṣà láti máa rán an níṣẹ́: Kay McNulty, Betty Jennings, Betty Snyder, Marlyn Wescoff, Fran Bilas àti Ruth Lichterman. Kò sí ìwé ìtọ́ni kankan. Àwòrán wáyà ẹ̀rọ náà ni wọ́n fi kọ́ ara wọn. Ní oṣù Kejì ọdún 1946, wọ́n fi ENIAC han gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò dárúkọ àwọn obìnrin náà.

Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn nígbà náà, kíkọ́ ẹ̀rọ náà ni iṣẹ́ ńlá. Rírán an níṣẹ́ dà bí iṣẹ́ akọ̀wé lásán. Ìgbà tí owó àti iyì wọ̀ ọ́ ló di iṣẹ́ ọkùnrin. Ní 1984, nínú 100 ẹni tó gba oyè kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, bíi 37 jẹ́ obìnrin. Ní 2010, wọn kò tó 20 mọ́. Ṣé ọpọlọ obìnrin ló dín kù? Rárá o. Ọ̀kan lára ohun tó fà á ni pé ọmọkùnrin ni wọ́n sábà máa ń ra kọ̀ǹpútà fún nílé.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyí. Ọdúnayọ̀ Ewéníyì wà lára àwọn tó dá PiggyVest, iléeṣẹ́ ìfowópamọ́ orí ẹ̀rọ ayélujára, sílẹ̀ ní 2016. Abísóyè Àjàyí-Akínfọlárìn ti kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà l'Ékòó, CNN sì kà á mọ́ akọni 10 ní 2018. Àwọn ìyá wa l'Ọ́jà Tìmì pàápàá, orí ni wọ́n fi ń ṣírò èrè àti owó àjọ.

Ẹ̀yin òbí, Federal Polytechnic kò jìnnà sí wa, Yunifásítì Adélékè àti Redeemer's náà wà l'Ẹ́dẹ níbí. Bí kọ̀ǹpútà bá wu ọmọbìnrin yín, ẹ ra fọ́ọ̀mù fún un. Iṣẹ́ tí obìnrin wà nídìí rẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ kò lè di èèwọ̀ fún ọmọ obìnrin.